Ẹ Pa Iná Bíìṣì, Ahun Òkun Ń Bọ̀ Wá Yé

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ̀yin ará Ìlàṣẹ àti Tarkwa Bay, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ẹlẹ́gùṣì, Ẹlẹ́kọ̀, Àkòdò, Mágbọ̀n Àlàdé títí dé Fólú, ẹ̀yin ni mo ń pè. Mo ń pe onílé ìgbafẹ́ tó tan iná kọjú sí òkun. Mo ń pe apẹja tó ń da àwọ̀n. Mo ń pe baálẹ̀ tí yanrìn etíkun wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, mo sì ń pe ọmọ Ìkẹjà àti ọmọ Sùúrùlérè tó máa ń wá bíìṣì lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú kúlà bíà àti ẹ̀rọ orin. Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹta, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ jẹ́ kí etíkun ṣókùnkùn, kí ahun òkun lè rí ọ̀nà gòkè wá yé, kó sì rí ọ̀nà padà.

Kì í ṣe Ìjàpá inú àlọ́ ni mò ń sọ o. Ọkọ Yánníbo gbọ́n ju ẹ̀dá lọ. Kí ọ̀ràn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fa orí wọ inú ìkarahun. Ahun òkun kò ní irú ààbò yẹn. Orí rẹ̀ àti apá rẹ̀ kò ṣeé fà wọlé, nítorí náà, tó bá ti bọ́ sórí yanrìn, kò lè sáré, kò sì lè fara pamọ́. Ẹ̀yà márùn-ún ni wọ́n ti rí nínú omi òkun wa ní Gulf of Guinea. Èyí tó kéré jù nínú wọn, olive ridley, kì í sábà wọn ju kìlò 50 lọ, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lórí yanrìn wa. Èyí tó tóbi jù ni leatherback, tí awọ bo ẹ̀yìn rẹ̀ dípò pátákó líle, tó sì lè wọn ju kìlò 500 lọ. Ẹranko tó wúwo tó màlúù yìí ń wá sí Èkó lóru, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kò sì mọ̀ pé ó ń wá.

Abo ló ń gòkè. Akọ ní tirẹ̀, láti ọjọ́ tó bá ti wọ òkun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tún fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́ láyé. Abo á dúró dìgbà tí òru bá jìn, á wọ́ ara rẹ̀ kọjá ibi tí ìgbì ń dé, á fi apá ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, á yé ẹyin bí 100 sínú rẹ̀, á fi yanrìn bò ó, á sì padà sínú omi láìbojú wẹ̀yìn. Oòrùn ló ń bá a sàba. Bí yanrìn bá gbóná jù, abo ni ọ̀pọ̀ ọmọ náà yóò jẹ́. Bó bá tutù díẹ̀, akọ á pọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60, àwọn ọmọ á fọ́ ẹyin, wọ́n á jọ wú yanrìn jáde, òru náà sì ni wọ́n sábà máa ń jáde, nígbà tí yanrìn ti tutù tí ẹyẹ ti sùn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ iná ti wọ̀ ọ́. Ọmọ ahun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ní ìyá tó máa fà á lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n dá mọ́ ọn ni pé ibi tó mọ́lẹ̀ jù, tó sì rẹlẹ̀ jù, ni kó dorí kọ, torí láti ayébáyé, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àti ìràwọ̀ lórí omi máa ń ju ti igbó àti igi àgbọn tó wà lẹ́yìn yanrìn lọ. Nísinsìnyí, iná ilé ìgbafẹ́ ló mọ́lẹ̀ jù. Ọmọ ahun á kẹ̀yìn sí omi, á máa rìn lọ síbi páátì, lọ sórí títì, lọ sẹ́nu ajá. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò tíì dé omi, oòrùn á pa á. Ìyá rẹ̀ pàápàá, tó bá gbójú sókè láti inú omi tó rí i pé yanrìn mọ́lẹ̀ gbòò, á ṣẹ́rí padà. Ó lè lọ yé síbi tí kò dára, ó sì lè da ẹyin náà sómi.

Ẹni tó bá mọ etíkun Lẹ́kí ní ogún ọdún sẹ́yìn á rántí bó ṣe máa ń ṣókùnkùn biribiri. Ibùdókọ̀ òkun ńlá ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 2023. Ilé ìfọpo ńlá wà nítòsí rẹ̀. Ọ̀nà Èkó sí Calabar tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ń gba etí òkun kọjá. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan, láti Victoria Island dé Ẹlẹ́kọ̀, lé ní kìlómítà 47. Èmi kò ní kí ìjọba má ṣe ọ̀nà. Àwa tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ajah ti jẹ ayé wa mọ ìdí tí ọ̀nà fi dára. Ṣùgbọ́n òpó iná tí wọn ò tíì rì ló rọrùn láti tún èrò pa lé lórí. Kí àwọn agbaṣẹ́ṣe lo iná tó rẹlẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dípò funfun, tí wọ́n sì fi nǹkan bò níhà òkun. Ní Brazil, láti 1995 ni wọ́n ti fòfin de iná tó ń tàn sórí àwọn etíkun tí ahun ti ń yé. Àwọn náà ní ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì, àlejò sì ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin oníbíìṣì, ẹ ṣe é báyìí. Lálẹ́ òní, ẹ rìn lọ sí ibi tí omi ti ń fẹnu kan yanrìn, kí ẹ yí padà, kí ẹ sì lóṣòó kí ojú yín lè rẹlẹ̀. Gbogbo gílóòbù tí ẹ bá rí lójúkojú níbẹ̀ ni ahun náà ń rí. Ẹ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, ẹ fi pákó tàbí páànù bò ó níwájú, ẹ pààrọ̀ èyí tó funfun sí pupa. Iná ńlá tó ń tàn sórí ìgbì nítorí fọ́tò, ẹ pa á pátápátá nígbà tí ahun bá ń gòkè. Òkun kò nílò iná kẹ́ni tó lè mọ̀ pé òkun ni. Ẹ ó sì tún rí owó dísù fi pamọ́, èyí tí mo mọ̀ pé ó máa dùn mọ́ yín nínú ju ọ̀rọ̀ ahun lọ.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá aláṣọ funfun tí ẹ máa ń gbàdúrà òru létí òkun, n kò dá yín dúró. Àbẹ́là kò lè ṣe ìjàǹbá tí iná jẹnẹrétọ̀ ń ṣe. Kí àbẹ́là sáà wà lẹ́yìn, níhà igi àgbọn, kí ẹ sì dí ihò tí ẹ bá gbẹ́, torí ahun tó bá já sí kòtò lóru kò lè gun un jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹṣin ṣe owó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gun mọ́tò oníyanrìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ibi tí omi ti rin yanrìn ni kí ẹ máa gbà. Yanrìn gbígbẹ tó wà lókè ni ẹyin máa ń wà, pátákò ẹṣin sì ń tẹ̀ ẹ́ pa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Iná nìkan kọ́. Yanrìn fúnra rẹ̀ ń tán lọ. Láàárín 1908 sí 1912, àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà Èkó kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè wọlé. Yanrìn tí òkun máa ń kó láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ń gbòòrò, Bar Beach ń tín-ín-rín. Òkun jẹ ẹ́ títí, wọ́n da yanrìn sí i títí, òkun tún jẹ ẹ́, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni Eko Atlantic tó dúró síbẹ̀ lónìí. Àwọn ará Alpha Beach tó wà níwájú mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, torí òkun ti gba ilé àti ọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Nínú ipò yìí ni a ti ń rí ọkọ̀ típà tó ń kó yanrìn etíkun lọ tà fún oníbúlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yin kábíyèsí àti baálẹ̀, típà kì í wọ etíkun láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣí ọ̀nà fún un. Ẹ pa ọ̀nà náà dé. Ilé yín ni yanrìn yẹn ń dáàbò bò kó tó kan ti ahun.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni ahun òkun ṣe fún ẹ̀dá. Ìbéèrè gidi ni. Ẹ bi apẹja. Jẹ́lífíṣì, ohun inú omi tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó sì ń ta ni lára, tó máa ń kún inú àwọ̀n tí kò jẹ́ kí ẹja rí ààyè wọ̀ ọ́, òun ni leatherback ń jẹ ṣáá. Ẹyin tí kò pa àti èèpo èyí tó pa máa ń jẹrà sínú yanrìn, wọ́n ń di ajílẹ̀ fún ewéko tó ń rá lórí rẹ̀, ewéko yẹn ló sì ń di yanrìn mú kí afẹ́fẹ́ àti ìgbì má gbé e lọ. Ẹranko kan ń kó oúnjẹ láti inú òkun wá fún ilẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ apẹja, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bú. Ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ògù, àtọmọ Ghana tó ti di ará ilé, kò sí èyí tó jáde láàárọ̀ láti lọ pa ahun. Ẹja ló ń wá. Ahun ló wọ inú àwọ̀n, ló jà, ló fa àwọ̀n ya. Àwọ̀n yẹn lè jẹ́ gbèsè tí kò tíì san tán. Ẹja ò pọ̀ mọ́, epo ọkọ̀ wọ́n, oníbàárà kan sì wà létí omi tó ti na owó sílẹ̀ fún ahun náà. Ẹni tó bá ní kó tú u sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, kò tíì jókòó tún àwọ̀n ṣe rí.

Nítorí náà, ẹ má bẹ apẹja lásán, ẹ san owó àwọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ Greenfingers Wildlife ní Èkó fi wú mi lórí: wọ́n ń bá àwọn apẹja dúnàá-dúrà pé kí wọ́n gbé ahun wá láàyè, kí wọ́n sì gba ohun tí wọ́n máa fi tún àwọ̀n ṣe. Àánú àti òwò pàdé níbẹ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kékeré kan kò lè gbé etíkun Èkó tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 180 dání. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó gba ilẹ̀ létí òkun Lẹ́kí máa ń náwó lórí àwọn agbègbè tó gbà wọ́n lálejò. Kí ẹ̀yin aṣojú agbègbè sọ fún wọn, nígbà tí ẹ bá tún jókòó ìpàdé, pé ẹ fẹ́ àpò owó àwọ̀n, ẹ sì fẹ́ owó oṣù fún ẹ̀ṣọ́ òru tí yóò máa rin etíkun láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta. Ẹ jẹ́ kí apẹja fúnra wọn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ yanrìn yẹn jù wọ́n lọ.

Kì í ṣe àlá. Ní Bahia ní Brazil, níbi tí àrọ́mọdọ́mọ àwọn ènìyàn wa ti ń gbé ẹbọ Yemọja lọ sójú òkun lọ́dọọdún, àwọn apẹja etíkun ti fi ìgbà kan máa ń wú ẹyin ahun tí wọ́n sì ń pa ìyá rẹ̀ jẹ. Ní 1980, wọ́n dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní TAMAR, tí ibùdó ńlá rẹ̀ sì wà ní Praia do Forte. Wọn kò lé apẹja. Wọ́n gbà á síṣẹ́: ẹni tó mọ ibi tí ẹyin wà kó tó wú u tà ni wọ́n ń san owó fún pé kó máa ṣọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ rí iṣẹ́ nílé ìránṣọ àti nílé ìtajà tí àwọn àlejò ń wá. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 40 ọmọ ahun tí wọ́n ti rí i pé ó dé inú òkun. Bí Bahia bá jìnnà, Grand-Popo kò jìnnà. Ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá Kútọnu á dé ibẹ̀, á sì bá àwọn ará abúlé tó ń bá ẹgbẹ́ Nature Tropicale ṣọ́ ẹyin ahun.

Apẹja tó bá rí ahun nínú àwọ̀n tí kò mira mọ́, kó má yára sọ ọ́ nù. Ahun ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, omi lè mu ún yó láìtíì pa á. Kó fi ikùn rẹ̀ lélẹ̀, kí ìdí rẹ̀ ga ju orí lọ kí omi lè ṣàn jáde, kó fi aṣọ tútù bò ó níbi òjìji, kó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń sọjí. Tó bá ti mira dáadáa, kó rọra gbé e sómi níbi tí kò sí àwọ̀n.

Àwọn ọkọ̀ tírọ́là ńlá kò ní irú àwáwí apẹja kékeré. Irinṣẹ́ kan wà, irin oníhò tí wọ́n ń so sí ọ̀fun àwọ̀n edé: edé á kọjá lọ sẹ́yìn, ahun á kọlu irin, á sì bá ẹnu ọ̀nà kan jáde. Láti 1989 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní àwọn kò ní ra edé inú òkun lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò lò ó. Ẹ jẹ́ ká bi Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òkun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2023, bóyá edé tó ń wá sí ọjà tiwa náà gba ọ̀nà kan náà, kí wọ́n sì rán ènìyàn lọ wo inú ọkọ̀ náà ní èbúté kó tó ṣí.

Fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń dá tòló fún ẹran ahun: ní oṣù kẹta 2024, ní erékùṣù Pemba ní Zanzibar, ènìyàn mẹ́sàn-án kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹran ahun òkun, ọmọdé sì ni mẹ́jọ nínú wọn. Májèlé kan máa ń wà nínú ẹran náà nígbà mìíràn, sísè kì í pa á, kò sì sí bí a ṣe lè fi ojú mọ èyí tó ní in. Ẹ̀yin lẹ́kulẹ́ja tí ẹ ń ta ìkarahun àti epo rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ní ewé àti egbò tó pọ̀ nínú àtẹ. Ẹ fi òfo sí àyè yìí. Àdéhùn CITES tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti 1974 kò gba kí ẹnikẹ́ni fi ahun òkun ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ní oṣù kẹwàá 2025, Ilé Aṣòfin Àgbà tún fọwọ́ sí àbádòfin tuntun tó le ju òfin 1985 lọ lórí ẹranko tó wà nínú ewu. Ẹ bi sẹ́nétọ̀ yín ibi tí ó dé, kí ẹ sì tún bi í lọ́la.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá kò nílò àlàyé gígùn. Ọ̀rá tó ń léfòó jọ jẹ́lífíṣì lójú ahun, á gbé e mì, á dí i ní ìfun. Láti oṣù keje 2025 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀rá àti ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan tí kò nípọn. Ẹ lọ wo etíkun yín lówùúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kí ẹ tó gbà pé òfin náà ti dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbé wá, ẹ gbé e padà. Oníbíìṣì tó ń gba owó ẹnu ọ̀nà kò sì ní àwáwí kankan fún àìní garawa ìdọ̀tí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ó ti pẹ́ jù, irọ́ ni. Ní oṣù kẹwàá 2025, àjọ IUCN tó ń ṣe àkójọ àwọn ẹranko àgbáyé tó wà nínú ewu yọ ahun òkun aláwọ̀ ewé kúrò lára àwọn tó wà nínú ewu ìparun, torí pé iye wọn ti lé sí i ní nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún láti àwọn ọdún 1970. Àwọn ènìyàn ló ṣọ́ yanrìn, tí wọ́n pa iná, tí wọ́n yí àwọ̀n padà, kì í ṣe pé iṣẹ́ ìyanu kan ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ̀yà yòókù tó ń wá sọ́dọ̀ wa kò tíì débẹ̀. Ẹ sì rántí pé ọmọ ahun tí a bá dá sí ní ọdún yìí, ó lè gba ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dàgbà tó ẹni tó ń yé. A kò lè sun iṣẹ́ yìí síwájú.

Kí oṣù kẹwàá tó wọlé, kí abúlé etíkun kọ̀ọ̀kan ṣe ìpàdé kan lójúlé baálẹ̀: apẹja, oníbíìṣì, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, wòlíì, elẹ́ṣin. Ẹ yan ẹni mẹ́wàá tó máa rìn lóru, méjì méjì. Ẹ kọ́ wọn pé tí wọ́n bá bá ahun lórí yanrìn, kí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní ibi tó jìnnà, kí wọ́n má fi fóònù tan iná sí i lójú, kí ẹnikẹ́ni má gun ẹ̀yìn rẹ̀ ya fọ́tò. Tó bá yé tán tó lọ, ẹ fi igi kékeré mẹ́rin sàmì yí ibẹ̀ ká, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ka ọjọ́ 45 síwájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ ní alaalẹ́. Tí àwọn ọmọ bá jáde tí wọ́n ń rìn lọ sí ìhà títì, ẹ kọ́kọ́ pa iná tó ń fà wọ́n, kí ẹ tó dà wọ́n padà sí ojú omi. Ẹ má kó wọn sínú garawa omi. Ìwé kan, bírò kan, bàtà tó lè rìn nínú yanrìn, òun náà nìyẹn. Ẹni tó bá ní tọ́ọ̀ṣì, kó fi ọ̀rá pupa wé ojú rẹ̀ kó tó mú un wá.